Ìbéèrè Tí A Bi Wọ́n Lójú Ọ̀gá Wọn

Ẹni tó kọ àwọn ìbéèrè yẹn kò gbé ilé Yorùbá rí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n ní kí n bá wọn yẹ ètò kan wò ní yunifásítì kan níbí ní Kano. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tí kò tíì gboyè ni wọ́n ń fi ọlidé gígùn bá àwọn olùkọ́ wọn ṣe ìwádìí, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ náà ń kọ́ ìwádìí lóòótọ́. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbà pé n kò ní ṣègbè, wọ́n sì fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti to àga sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó, ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn olùkọ́ tó ń bá ṣe ìwádìí, sì jókòó tì í. Mo ka ìbéèrè jáde: ṣé ọ̀gá yín máa ń gbọ́ èrò yín? Ọmọkùnrin kan dìde, ó tẹrí ba, ó ní, "Sà dà bíi bàbá fún mi ni." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú sì ń bí mi. Ta ló bí ọmọ tí yóò jókòó ti bàbá, tí yóò máa wí pé bàbá ò gbọ́ràn? Àti Hausa, àti Ibo, àti Yorùbá, ẹnu wọn ò yàtọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ àdúgbò wa ní Sabon Gari. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì ń lọ. Lẹ́yìn ìsìn, mo ní kó yà sílé mi. Mo gbé másà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, síwájú rẹ̀, mo fi Yorùbá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn bí àwọn ọmọ tí a bí síbí ṣe ń dáhùn.

"Gaskiya, Aunty, na only typing I dey do. Idea wey I bring, oga say make I leave am."

Mo ní èrò wo? Ó fa fóònù yọ. Ó ti gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń bá oníbàárà ná ọjà, tí Yorùbá, Hausa àti Pidgin ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ mọ ìdí tí fóònù tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fi máa ń ṣìnà níbẹ̀, ó sì ti ń to ibi tó ti ń ṣìnà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ. Ìwádìí gidi nìyẹn! Ọmọ tó ronú èyí ni ẹnì kan sọ di atẹ̀wé lásán.

"Don Allah, Aunty, kar ki ce ni ce." Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ pé òun ni. Ọ̀gá yẹn kan náà ni yóò bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, iṣẹ́ tí kò lè gboyè láìṣe é. Mo ṣèlérí.

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo kọ. Mo ní kí wọ́n má ṣe pa ètò náà tì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan ń tẹ̀wé dípò ìwádìí, tí ọ̀gá ní kí wọ́n fi èrò tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n máa bi wọ́n léèrè níbi tí ọ̀gá ò sí. Alága ìgbìmọ̀ wa kà á, ó ní kò bójú mu kí a dájọ́ àgbà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi han àwọn ọ̀gá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo. Ó ní kí n fara balẹ̀, ọmọlúàbí ni gbogbo wọn. Wọ́n fi ránṣẹ́.

Ọ̀gá náà mọ ọmọ tó ní kó fi èrò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la ń lọ. Kò bínú síta. Ó kàn ní òun ò ráyè fún iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà tọ àwọn olùkọ́ yòókù lọ, ẹni tó bá sì ti gbọ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, òun náà á rántí pé ọwọ́ òun dí. Ta ló fẹ́ gbé ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ kalẹ̀?

Èmi ni mo lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wọn ìrẹsì oníbàárà tán kó tó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ire lẹ rò. Lọ́la a ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá wa lọ, kí ẹ sọ fún un pé ọmọ yìí purọ́."

"Kò purọ́."

"Mo mọ̀. Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Ẹ jẹ́ kó gboyè ná."

Mo wo ọmọ náà tó ń di ẹ̀wà sí ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo ń retí kó kọ̀. Ó so ọ̀rá náà, ó gbé e fún oníbàárà.

A lọ. Ìyá kúnlẹ̀, ọmọ kúnlẹ̀, èmi sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé irọ́ ni. Ojú tì mí, ó ṣì ń tì mí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé ni, ó sì gbà á padà.

Nígbà tí a jáde, mo rọra sọ fún ọmọ náà pé tó bá gboyè tán, a ó jọ padà sórí ohùn ọjà tó gbà sílẹ̀.

"I don delete am, Aunty," ló wí.