Ọjọ́ Tí Wọ́n Bi Wá Pé Ta Ló Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọdún kejì tí mo padà láti ààlà àríwá, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá gun àtẹ̀gùn, ni àwa sójà tó fara gbọgbẹ́ ní Kútọnu gbìyànjú láti béèrè ohun kan lọ́wọ́ ìjọba. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn nítorí pé ọ̀nà méjì ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn kan ní a jà, a sì borí. Àwọn kan ní èmi ni mo da ẹgbẹ́ rú. N kò rò pé èyíkéyìí nínú méjèèjì pé.

Ìjọba ń san owó fún wa nítorí ohun tí ogun gbà lára wa. Owó náà kò tó gbọ́ bùkátà, nítorí náà a ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa gbà pé ẹni tí wọ́n bá rí tó ń ṣiṣẹ́, wọn yóò dá owó rẹ̀ dúró. N kò rí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Mo kàn mọ̀ pé gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn yunifásítì ni mo wọṣẹ́ ológun. Nígbà tí mo ti ogun dé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé aládàáni kan ní Gbégamey. Owó ọgbẹ́ la fi ń ra oògùn ìyá mi, owó ilé ìwé la fi ń jẹun. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì kò lè dá gbé wa.

Lọ́dọọdún, a máa ń lọ fara hàn ní búrò tó ń san owó náà, kí wọ́n lè rí i pé a ṣì wà láàyè. A ní bí a ti ń múra fún ọjọ́ náà. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á fi í sílé, á fi ọ̀pá méjì ti abíyá. Ẹni tó ń fi ojú kan ṣoṣo wa takisí láti àárọ̀ á jẹ́ kí ìyàwó fa òun lọ́wọ́ wọlé. Ẹ̀gbọ́n Sìmẹ́ọ̀n, ará Pọ̀bẹ́ tó fi apá òsì sílẹ̀ lójú ogun, ń fi ọwọ́ kan àti orúnkún tún alùpùpù ṣe. Lọ́jọ́ náà, á fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dúdú ọ́ìlì á fi kúrò lábẹ́ èékánná.

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a yí i padà. A pàdé ní ilé ọtí kan létí òkun ní Fidjrossè, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí a wọ aṣọ iṣẹ́ wa lọ, kí gbogbo wa jọ béèrè bóyá iṣẹ́ jẹ́ èèwọ̀.

"Pùròfẹ́ ti dé nù-un," ẹnì kan wí. Orúkọ tí wọ́n fún mi nìyẹn, nítorí iṣẹ́ olùkọ́. "Ó fẹ́ ṣe ìdánwò fún ìjọba!"

"Bí wọ́n bá ní èèwọ̀ ni ńkọ́?" awakọ̀ olójú kan béèrè.

"A ó mọ̀ nígbà náà."

"Ìwọ lo fẹ́ mọ̀. Èmi fẹ́ jẹun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Sìmẹ́ọ̀n kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀," ó ní. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a bá pọ̀, ta ni wọn yóò mú? Aṣọ ọ́ìlì mi ni màá wọ̀ lọ."

Bí ó ti gbà, àwọn yòókù gbà.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo wọ ẹsẹ̀ mi, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ṣọ́ọ̀kì wà lápá rẹ̀, mo sì gbé àpò ìwé kọ́ èjìká. Mo dé ọgbà búrò. Gbogbo wọn wà lórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ti máa ń wà: ọ̀pá lábíyá, aṣọ gbígbó. Ìyàwó awakọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Sìmẹ́ọ̀n mọ́ tónítóní.

Mo jókòó tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣèlérí."

Kò wò mí. "Pùròfẹ́, bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Lọ bọ́ ẹsẹ̀ yẹn sẹ́yìn ògiri kí wọ́n tó pè ọ́."

"N kò ní bọ́ ọ."

"Ó dáa. Má ṣáà dárúkọ mi."

Obìnrin àgbàlagbà kan, òṣìṣẹ́ búrò, ló gbà mí wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ̀ ń ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdámù. Ṣé ó lòdì sófin?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tó sọnù lára yín là ń sanwó fún. Ṣé ẹsẹ̀ yín hù padà nígbà tí ẹ ríṣẹ́ ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún wa rí pé kò lòdì."

"Kò sí ẹni tó béèrè."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ pátákó ìta. Ó ní òun kò lè ṣe ìkéde nítorí ẹnì kan, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, òun á gbé e tọ àwọn ọ̀gá òun lọ. Ó bá mi jáde sí ọgbà. Ó sọ ọ́ ní Faransé, ó sì tún un sọ ní Fọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò gbọ́: "Ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú yín? Ẹ nàwọ́."

Kò kọ́kọ́ sọ pé kò lòdì. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà: bí ìyẹn bá ṣáájú, ṣé ọwọ́ yóò nà? N kò mọ̀.

Mo nàwọ́. Awakọ̀ di ojú rẹ̀ tó kù. Ẹ̀gbọ́n Sìmẹ́ọ̀n ń wo ilẹ̀.

"Kò lòdì o!" ni mo kígbe. "Ẹ̀yin ará, wọ́n ní kò lòdì!"

Ọwọ́ mi nìkan ló ṣì wà lókè. "Ẹnì kan ni mo rí," màdámù náà wí, ó sì wọlé padà.

Owó mi kò dúró. Mo ṣì ń kọ́ni, mo sì ń fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ sí kíláàsì lójú gbogbo ayé. Ìyẹn ni a jèrè, bí a bá lè pe ẹnì kan ní "a." Ẹgbẹ́ ti yí ibi ìpàdé padà, wọn kò sọ ibẹ̀ fún mi. Títí di òní, kò sí ohunkóhun lórí pátákó, ìjọba sì jẹ wá ní gbólóhùn kan péré. Mo tún ní láti sọ èyí, kó lè ṣe déédéé: ìgboyà kò lè ná mi tó bí yóò ti ná wọn. Mo ní ìwé ẹ̀rí; bí wọ́n bá dá owó mi dúró, ilé ìwé mìíràn lè gbà mí kún èyí tí mo wà. Ta ni yóò gba mẹkáníìkì ọlọ́wọ́ kan?

Ní oṣù tó kọjá, mo rí Ẹ̀gbọ́n Sìmẹ́ọ̀n ní ọjà Dantokpa, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Ó gbé ṣéènì tuntun kan lọ́wọ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó sì dá ṣéènì padà sórí àtẹ bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ.

Mo fẹ́ kí i. Dípò ìyẹn, mo yí ojú sí ibòmíràn, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ kí ó lè rà á.