Òdòdó Òkè Ilẹ̀kùn

Lánàá, bí mo ṣe ń kọjá ní àdúgbò Tokoin Wuiti, òórùn ọ̀dà tútù dá mi dúró. Òórùn yẹn gan-an ló gba ilé ìyá àgbà mi nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́sàn-án ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá fi ọ̀dà pupa ya àgbélébùú sára ògiri wa. Mo rò pé ó ń ṣe ilé wa lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

“Bonjour, Màmá. Ọ̀nà tuntun máa gba ibí.”

“Bàbá mi ló kọ́ ilé yìí,” ni ìyá àgbà dáhùn. “Ṣé ọ̀nà yín ò lè yà díẹ̀ ni?”

Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá.”

Nígbà tó lọ, ìyá àgbà gbé mi sókè títí ọwọ́ mi fi kan òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára igi òkè ilẹ̀kùn. Oòrùn ti mú igi náà gbóná.

“Fọwọ́ kàn án dáadáa.”

Ó ti mọ̀ pé wọ́n máa wó ilé náà kí n tó ga tó láti fọwọ́ kàn án fúnra mi.

Èmi rò pé ó fẹ́ kí n nu eruku rẹ̀ ni. Mo fi etí aṣọ mi nù ún, mo bi í pé, “Ṣé ó ti mọ́?”

“Ó ti mọ́, ọmọ mi,” ló wí, àmọ́ kò gbé mi sọ̀kalẹ̀.