Ọbẹ̀ Ló Máa Ń Ṣáájú

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ọ̀gá Tábìlì, ẹ gbé ẹran síwájú oníbàárà nígbà tí ọbẹ̀ ṣì wà nínú àwo rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Kì í pariwo, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èébú lẹ́nu rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí nìkan máa ń ká a lára. Iṣẹ́ agbáwo ló ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nínú ilé oúnjẹ kan ṣoṣo, irú èyí tí èèyàn kì í ṣèèṣì yà wọ̀. Aṣọ funfun ló wà lórí tábìlì wọn, bàtà àwọn agbáwo ń dán, kò sì sẹ́ni tó ń fi ohùn òkè pe ẹnì kejì. Ọbẹ̀ olómi ló máa ń ṣáájú níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹja tàbí ẹran, lẹ́yìn náà ni ohun dídùn. Ọ̀gá Tábìlì á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ṣe bí ẹni tí kò wo ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni! Ó ń wò yín. Bí ẹ bá ti jẹ èyí tó wà níwájú yín tán báyìí, yóò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tó rìn dé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní nílé pàápàá, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, kì í jẹ́ kó bu oúnjẹ fáwọn ọmọ, torí ọjọ́ tó bá bù ú, ebi á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n kí ẹran tó dé. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Ìgbà tó yá ni àrùn yẹn dé, tí ìjọba ní kónílé ó gbélé. Ilé oúnjẹ tilẹ̀kùn. Wọ́n dojú àwọn àga dé lórí tábìlì, gbogbo ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́.

Màdámù tó ni ilé oúnjẹ náà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Obìnrin yìí kan náà ni, tẹ́lẹ̀, bí oníbàárà bá ní kí wọ́n bá òun di oúnjẹ tó kù kóun gbé e lọ sílé, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, “Ẹ má bínú, a ò ní ike níbí.” Ó wá ránṣẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù, gbogbo wọn bo imú, wọ́n dúró jìnnà síra.

“Mo ti fi wá sórí áàpù,” ni Màdámù wí.

“Áàpù wo?” Kúùkù ló béèrè, òun ni olórí nínú ilé ìdáná.

“Èyí táwọn tó ń ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran wà lórí rẹ̀ náà ni. Àwọn èèyàn á fi fóònù yan oúnjẹ, alálùpùpù á wá gbé e.”

Kúùkù pòṣé. “Ẹ gbà mí o! Àwa àti oníbúrẹ́dì?”

“Ẹni tí kò bá wù, ilẹ̀kùn nìyẹn,” ni Màdámù dáhùn. “Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé títì ló wà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí kò tiẹ̀ sẹ́ni tínú rẹ̀ dùn. Ó wá yíjú sí Ọ̀gá Tábìlì. “Ẹ̀yin lẹ máa máa di oúnjẹ fún wọn. Kò sí tábìlì mọ́. Tẹ́ ò bá lè ṣe èyí, mi ò rí iṣẹ́ míì tí mo lè fún yín ṣe.”

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Tábìlì mọ̀ nìyẹn. Tó bá kúrò níbẹ̀, ta ló fẹ́ gba agbáwo tó ti hewú, nígbà tí gbogbo ilé oúnjẹ tilẹ̀kùn gbọn-in? Ó ní, “Mo lè ṣe é, mà.”

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn wọlé látorí áàpù, ti Adájọ́ ni, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun àtìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó síbi fèrèsé. Oúnjẹ ẹnì kan ni wọ́n béèrè. Ó ya Ọ̀gá Tábìlì lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ ó gbójú kúrò níbẹ̀. Ó rọ ọbẹ̀ sínú ike, ó dé e dáadáa, ó gbé e fún alálùpùpù.

“Ó tán?” lọkùnrin yẹn béèrè.

“Kò tíì tán. Gbé èyí lọ ná. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, kí o padà wá gbé ẹran.”

Alálùpùpù wò ó látòkè délẹ̀. “Bàbá, ẹ ń bá mi ṣeré ni?”

“Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣeré?”

Ọkùnrin yẹn rò pé bóyá báwọn ilé oúnjẹ ńlá ṣe ń ṣe é nìyẹn, ló bá lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Orí Ọ̀gá Tábìlì kò dàrú. Ó kàn jẹ́ pé lọ́kàn tiẹ̀, ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ lọ́wọ́ kò tíì ṣetán fún ẹran, ibi yòówù kó jókòó sí. Bó ṣe fún Adájọ́ ló ṣe fún gbogbo àwọn tó kù. Ó gbé ẹran wọn síbi tí kò ti ní tutù, ó ń fọkàn bá wọn jẹ ọbẹ̀ lọ.

Wàhálà dé. Lórí áàpù yẹn, ìràwọ̀ làwọn oníbàárà fi ń yìn èèyàn. Ọ̀kan ṣoṣo nínú márùn-ún ni Adájọ́ fún wọn. Ẹlòmíì kọ ọ́ pé, “Ọbẹ̀ nìkan ni mo rí. Ṣé ààwẹ̀ lẹ ní kí n gbà ni?” Ẹlòmíì tún ní, “Mo ti jẹ búrẹ́dì yó kí ẹran yín tó dé.”

Màdámù pè é. “Kí ló dé tẹ́ ẹ gbé ọbẹ̀ nìkan lọ?”

“Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni, mà.”

“Ta ló sọ fún yín? Ẹ ò sí níbẹ̀! Ẹ ò rí wọn!”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Òótọ́ ni, kò rí ẹnikẹ́ni. Màdámù rẹ ohùn sílẹ̀. “Mi ò kórìíra yín. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kan péré bá tún fẹjọ́ yín sùn, ẹ máa lọ sílé ni o.”

Nílé, ó ròyìn rẹ̀ fún Ìyá Ìbejì. Ìyẹn ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ dì í pọ̀ fún wọn. Inú ilé wọn ni wọ́n wà.”

“Á máa run síra wọn.”

“Kó run síra wọn! Ṣé inú tiyín ló ń lọ ni?” Ọ̀gá Tábìlì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gan-an.

Nígbà tí oúnjẹ Adájọ́ tún wọlé lọ́jọ́ kejì, ó di ọbẹ̀, ẹran àtohun dídùn sínú báàgì kan náà. Ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n ní kó ju nǹkan tirẹ̀ nù. Ó wá bẹ alálùpùpù pé, “Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn pé ọbẹ̀ ló ń ṣáájú.”

“Bàbá, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún wa mọ́. Ẹnu ọ̀nà là ń gbé e sí, a ó tẹ aago, a ó máa lọ.”

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí fóònù Màdámù dún. Ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà, ó nà án sí Ọ̀gá Tábìlì. “Adájọ́ ni. Ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè.”

Ó parí nìyẹn, ni Ọ̀gá Tábìlì wí nínú ara rẹ̀. Ó gba fóònù.

“Ṣé ìwọ lo máa ń dá wa lóhùn níbi fèrèsé?”

“Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ àná.”

“Jẹ́ n sọ̀rọ̀ ná.” Bàbá náà mí kanlẹ̀. “Gbogbo oúnjẹ yìí ló wà níwájú mi, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi ti lọ. Àrùn yìí ló mú un lọ, wọn ò sì jẹ́ kí n dé yàrá tó wà. Látìgbà yẹn, tí mo bá jókòó ti oúnjẹ, mi kì í mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Omi lé sójú Ọ̀gá Tábìlì. “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni.” Ó nàró ṣánṣán. “Ẹ ṣí ọbẹ̀ nìkan, sà. Ẹ gbé ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wà níbí.”

Ó tẹ́tí sí fóònù. Màdámù fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọ̀gá Tábìlì gbé ìka sókè sí i, òun tí kò dán irú rẹ̀ wò rí. Oúnjẹ àwọn ẹlòmíì ń wọlé lórí áàpù, Kúùkù fúnra rẹ̀ ló jáde wá dì í, láìpòṣé. Màdámù fa àga kan sẹ́yìn Ọ̀gá Tábìlì pé kó jókòó. Ó mi orí pé rárá. Agbáwo kì í jókòó nígbà tí oníbàárà bá ń jẹun.

Nígbà tó yá, kò gbọ́ ìró ṣíbí mọ́.

“Ṣé kí n gbé ẹran wá, sà?”

“Máa gbé e bọ̀,” ni Adájọ́ wí. Ọ̀gá Tábìlì àti Màdámù tó dúró tì í gbọ́ bí Adájọ́ ṣe ń ṣí ike ẹran fúnra rẹ̀. “Má tíì lọ o.”

Ọ̀gá Tábìlì wo Màdámù lójú. Màdámù mi orí sí i pé kó má lọ.

“Mi ò lọ síbì kankan, sà,” ló wí.