Kilarinẹ́ẹ̀tì Tí Ọmọ Aránṣọ Yóò Fọn

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó mọ fèrè tún ṣe, orí Bàbá Elétí ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ náà ni wọ́n á parí rẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Fèrè àkọ́kọ́ tó tú palẹ̀, irin mẹ́ta ló ṣẹ́ kù sílẹ̀ nígbà tó tò ó padà, fèrè náà sì dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó há débi pé oníbàárà tó bá fẹ́ sín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ síta.

Ibẹ̀ ni aránṣọ òdìkejì títì mú ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlá wá. Tíṣà orin ti gbà á sẹ́gbẹ́ onífèrè ilé ìwé, ó wá ku kí wọ́n ra kilarinẹ́ẹ̀tì, fèrè gígùn tí wọ́n ń tẹ irin ara rẹ̀, fún un.

"Ẹ bá wa yan èyí tí kò ní dójú tì wá, Bàbá."

"Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n!"

Márùn-ún ni Bàbá gbé kalẹ̀, ó fọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan onígi dúdú tó ní irin dídán, gbogbo fèrèsé òkè ló ṣí. Ẹyẹ orí wáyà gan-an gbàgbé pé òun ń lọ síbì kan.

"Èyí ni!" Bàbá di í sínú àpótí rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ò tíì parí tí wọ́n fi padà. Ojú ọmọ ti wú.

"Bàbá, ó ń dún bí ìgbín tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Tíṣà ní tí kò bá lè fọn orin kúkúrú kan já lọ́jọ́ Ẹtì, òun á fún ẹlòmíràn láyè rẹ̀."

"Èmi ni," ọmọ náà sọ, ó ń wo bàtà rẹ̀. "Àyà mi ò lágbára."

Bàbá gba fèrè náà, ó fọn ọ́n. Oyin ni. Ọmọ bú sẹ́kún.

"Ṣé ẹ rí i? Èmi ni!"

Bàbá ti la ẹnu láti sọ pé kó máa fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ dánra wò, nígbà tí ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń to okùn bàtà tó ń tà jọ, na ọwọ́.

"Ẹ gbé e wá, Bàbá wọn."

"Ìwọ tí o ò fọn nǹkan kan rí láyé ẹ?"

"Nítorí ẹ̀ náà ni."

Ìyàwó Bàbá fọn ọ́n. Atẹ́gùn lásán ló jáde, pẹ̀lú ariwo bíi ti ìkòkò omi tó fẹ́ hó.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń wò yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ máa ń tẹ irin fèrè bí ẹni tó ń pa kòkòrò. Èyí tó bàjẹ́ gan-an, tó bá dé ọwọ́ yín, ó ti yá nìyẹn. Ẹ ò jẹ́ kí ẹni tó ni ín fọn ọ́n rí kí ẹ tó dì í fún un."

Bàbá mú iná tọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Ó tì í bọ inú fèrè náà, ó fi ọwọ́ dí ẹnu rẹ̀. Níbi méjì, lábẹ́ àwọn tìmùtìmù kéékèèké tó yẹ kó dí ihò pa, ìmọ́lẹ̀ ń yọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìka tirẹ̀ tó nípọn ló ti ń fi ipá dí wọn. Ìka ọmọ ò lè dí wọn láéláé.

"Ọmọ mi," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti relẹ̀, "kì í ṣe àyà ẹ. Èmi ni mo ṣì í yàn."

Ó wọ́ kilarinẹ́ẹ̀tì oníke kan jáde lábẹ́ tábìlì, aláwọ̀ eérú tí ara rẹ̀ ti ha kiri, tí kì í fi han àlejò. Ó ti iná bọ̀ ọ́: dúdú kirikiri, ìmọ́lẹ̀ kankan ò yọ. Ó so ewé fèrè, pẹlẹbẹ tó máa ń gbọ̀n kí fèrè tó dún, èyí tó rọ̀ jù lọ, mọ́ ẹnu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fọn ọ́n, ó dún wọ̀ọ̀, ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀. Wọ́n wá gbé e fún ọmọ. Bàbá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, nítorí wọ́n ń yún un láti gbà á. Ohùn kan jáde, ó nípọn, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró. Ọmọ náà yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, ó wò ó bí ẹni tí nǹkan dá lóhùn.

"Bàbá, ẹ fọn ọ́n ká gbọ́," aránṣọ bẹ̀ ẹ́.

"Rárá o. Ẹnu mi kọ́ ló máa gbé e lọ sílé ìwé."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ dúró lẹ́bàá ọgbà ilé ìwé, ó ní òun ń gba atẹ́gùn. Orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó dé àárín, ó ké fíìn, ó tún padà sọ́nà, ó sì parí.

"Ó dáa," ohùn tíṣà wí. "Padà sí àyè ẹ."

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èyí ké níbì kan o."

"Jẹ́ kó ké," ni Bàbá Elétí wí, ó ń nu ojú. "Òun fúnra ẹ̀ ló fọn ọ́n."