Àwọn Orúkọ Inú Àpótí Souaïbou

Bí rédíò bá dákẹ́ ní Tokpota, àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ Souaïbou ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, kò sì ní pátákó níwájú. Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Èkó ló ti kọ́ iṣẹ́ rédíò, ibẹ̀ náà ló sì ti mọ Yorùbá kọ. Faransé tirẹ̀ kò ju kíkí lọ. Ó ní àṣà kan tí ọ̀gá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́: kó tó dé ẹ̀yìn rédíò padà, yóò fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó ni ín, ohun tó ṣe sí i àti ọjọ́ tó ṣe é, sára igi inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni orúkọ bàbá mi wà nínú tiwa.

"Iṣẹ́ tí a kò bá kọ orúkọ sí," ni ó máa ń wí, "ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ló ni ín."

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé rédíò wá kò mọ̀ ni pé Souaïbou ń ta gìtá. Èmi náà kò mọ̀, àfi ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kejì ọdún 1974. Mo ń ti ọjà Ouando bọ̀, mo gbọ́ orin kan láti ẹ̀yìn ilé ọtí Mùsíyọ̀ Bernardin. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Gìtá náà ń han bí irin tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò gbà láti dúró jẹ́ẹ́. Mo yọjú wo àgbàlá. Souaïbou ló ń ta gìtá, Òkunọlá gbẹ́nàgbẹ́nà ń lu ìlù, Marcelline tó ń ta òwú ìránṣọ sì ń kọrin, ó ń ti èdè Gùn bọ́ sí Yorùbá. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n pe orin náà. Mo dúró títí ẹ̀fọ́ tí ìyá mi rán mi fi rọ lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba tí wọ́n sì ti ń sọ lórí rédíò pé nǹkan ti yí padà, olùkọ́ wa Mùsíyọ̀ Fernand ti bẹ̀rẹ̀ jùnálì kan, ìwé ìròyìn tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ó ní kí olúkúlùkù kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ nípa nọ́ọ̀sì àti awakọ̀. Èmi kọ nípa òkẹ́sítírà, ẹgbẹ́ olórin tí mo rí. Faransé ni mo fi kọ ọ́, ìgbà mẹ́rin ni mo sì tún un kọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì wá ń béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọ́n ti lè gbọ́ orin náà. Inú mi dùn, mo mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ bá Souaïbou, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Kà á lọ, Ìyádùnní," ni ó wí. "Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo lẹ́wà?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

"Á jẹ́ pé o kò wò mí dáadáa nìyẹn."

Mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé: òkẹ́sítírà Mùsíyọ̀ Bernardin. Ó gbé irin tó fi ń jó òjé sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé òun ló ni wá?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Gbogbo òkẹ́sítírà tí mo mọ̀ ní Àjàṣẹ́ ló ní ọ̀gá. Ẹni tó ra gìtá àti ìlù ló ni ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́. Ilé Bernardin ni mo ti rí wọn, mo sì rò pé tirẹ̀ ni. Ojú ló tì mí láti béèrè.

"Àgbàlá nìkan la yá lọ́wọ́ rẹ̀," ni Souaïbou wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ta gìtá fún ọ̀gá kan ní Kútọnu. Lọ́jọ́ tí mo kúrò, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n mú lọ. Mo búra pé ohun tí mo bá tún fi kọrin, àwa la máa ṣe é. Ọwọ́ Ara Ẹni là ń jẹ́."

Mo ṣèlérí pé màá tún un kọ. Ṣùgbọ́n ìwé mi ti ṣíwájú mi. Bàbá Moumouni, tó jẹ́ délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, ti kà á. Ó ti ránṣẹ́ sí Bernardin pé kí òkẹ́sítírà rẹ̀ wá kọrin ní Ouando ní ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Bernardin kò sọ pé òun kọ́ ló ni wọ́n. Ó kun pátákó kan: "Bernardin Jazz." Ó ní ọmọ òun ni yóò ta gìtá iwájú, bí wọn kò bá sì gbà, òun yóò ti àgbàlá pa mọ́ àwọn irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

"Jùnálì ló sọ ọ́," ni ó wí fún Souaïbou. "Kì í ṣe èmi."

Ní ọjọ́ kẹta tí mo gbọ́ èyí, mo mú ìwé mi, mo sì lọ béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè tẹ́lẹ̀. Mo bi Òkunọlá pé igi wo ló fi ṣe gìtá àti àpótí gbohùngbohùn tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Mo bi Marcelline pé kí ni ìpín tirẹ̀.

"Àṣé ọmọ yìí ní ohùn!" ni Òkunọlá wí. "Ẹ bá mi wá nǹkan dí i lẹ́nu o, mo fẹ́ ṣiṣẹ́."

Mo lẹ ìwé kejì mọ́ ògiri ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Bàbá Moumouni pe gbogbo wa sí àgbàlá Bernardin. Bernardin na ọwọ́ sí mi.

"Ní oṣù tó kọjá, ọmọ yìí ní èmi ni mo ni wọ́n. Lónìí, ó ní èmi kọ́. Bó bá di ọ̀la, á ní bíṣọ́ọ̀bù ni!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Moumouni wí, "ṣé o ní ẹ̀rí?"

Mo wo àpótí gbohùngbohùn náà. Rédíò ilé wa wá sí mi lọ́kàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́," ni mo wí, "ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀."

Souaïbou gbá iwájú orí ara rẹ̀. Ohun tó ti ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ kò jọ ọ́ lójú mọ́, ló fi gbàgbé rẹ̀. Ó tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di ẹ̀yìn àpótí náà mú. Bàbá Moumouni bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kà á sókè:

"Òkunọlá, igi ibùsùn ìyá rẹ̀ àgbà. Marcelline, aṣọ iwájú. Souaïbou, wáyà, láti inú rédíò mẹ́ta tó ti kú. Oṣù kẹjọ, 1971." Ó gbójú sókè. "Mùsíyọ̀ Bernardin, orúkọ tiyín dà?"

Bernardin náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ó dáa. Àga tí wọ́n ń jókòó lé ni tèmi. Pátákó tí mo kùn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì funfun," ni Marcelline dáhùn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni wọ́n kọ Ọwọ́ Ara Ẹni sí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pápá Ouando kún fọ́fọ́. Kí wọ́n tó gun orí pèpéle, Souaïbou yí àpótí náà padà, ó yọ pẹ́ńsù létí, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Lábẹ́ àwọn orúkọ yòókù ló kọ ọ́ sí: "Ìyádùnní, ọ̀rọ̀." Ó kọ ọjọ́ náà síwájú rẹ̀, ó sì dé e padà.

Wọ́n pe Ọwọ́ Ara Ẹni. Nígbà tí gìtá ké, àwọn ọlọ́jà fi àtẹ sílẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pariwo orúkọ ẹgbẹ́ náà. Èmi tí mo máa ń dúró sẹ́yìn àwọn èèyàn, mo bá ara mi níwájú pátápátá, mo ń jó.