Àwọn Dandóka Tí Kì í Kí Ènìyàn

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé mo fẹ́ràn eré ọlọ́pàá méjì lórí tẹlifíṣọ̀n, kó máa ṣe é lọ. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní eré ọmọdé ni, pé ọkọ̀ kì í fò bẹ́ẹ̀, pé ìbọn kì í dún tó bẹ́ẹ̀ kó má ba ẹnì kankan. Mo mọ̀! Ta ló sọ fún wọn pé mi ò mọ̀? Ṣùgbọ́n irú eré yẹn ló bá wa gba oko bàbá mi sílẹ̀ ní Kàbbà, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ tí kò gbin iṣu rí wá kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n máa wò.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi láti Ìlọrin wá sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú wa, mo sì gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan bọ̀ wálé, èyí tí àwòrán rẹ̀ kò ju dúdú àti funfun lọ. Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ló kù nínú ilé: ìyá mi, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìyálé rẹ̀, tó ń kírun, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ńlá. Wọn kì í jà. Wọn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Wọ́n á kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n á kí ara wọn lálẹ́, kálukú á sì máa se ọbẹ̀ tirẹ̀.

Èmi ni mo so áńtẹ́nà mọ́ ọparun gígùn kan, tí mo kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà Ìlọrin. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, gbogbo àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n á wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe eré ọlọ́pàá tí mò ń sọ yìí, àwọn ọkùnrin méjì láti òkè òkun, nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan máa ń ronú kó tó gbé ẹsẹ̀. Èkejì á ti gbé ẹsẹ̀ kó tó rántí pé òun ní orí. Àwọn ìyá mi méjèèjì ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mò ń túmọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kó tó oṣù kan, wọn ò nílò mi mọ́. Wọ́n ti sọ ọ̀kan ní Jẹ́jẹ́, wọ́n sọ èkejì ní Wàràwàrà. Àwọn méjèèjì papọ̀, dandóka ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pé orúkọ tí àwọn àgbà wa fi ń pe ọlọ́pàá láyé ìgbà tí wọ́n ń ti Kàdúná pàṣẹ fún wa nìyẹn.

Ohun tó dùn nínú rẹ̀ nìyí. Àwọn ọkùnrin yẹn kò yé bá ara wọn ṣàríyànjiyàn. Wọ́n á máa jà lórí ẹni tó máa wakọ̀, wọ́n á máa jà lórí ohun tí wọ́n máa jẹ, ìbọn á máa dún lókè orí wọn, wọn ò ní dákẹ́. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá wọ inú ewu, èkejì ti wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e nìyẹn. A ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn ò ní kú. Ọkàn wa balẹ̀, a sì ń pariwo bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí ìyẹn ṣe máa ń dùn mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀? Ìyá mi, tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá mi, ọjọ́ tí Wàràwàrà fi ọkọ̀ wọ inú àtẹ ọlọ́sàn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbà mí! Ẹni tó ni ọsàn yẹn ńkọ́?" Ìyá Ńlá ní òun ti rí i, ó ń bú wọn lẹ́yìn.

Àbùkù kan ṣoṣo ni wọ́n rí lára àwọn dandóka wọn. Wọn kì í kí ènìyàn. Wọ́n á ta ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn nípàá, wọ́n á kígbe pé ọlọ́pàá ni àwọn, olè á sì ti ojú fèrèsé fò lọ. Ó máa ń bí ìyá mi nínú. "Ṣé wọn ò ní ìyá nílé ni? Bí wọ́n bá ti kí i ni, á dá wọn lóhùn, wọ́n á sì mọ ibi tó wà!" Mo ní, "Màámi, olè wo ló máa dá ọlọ́pàá lóhùn?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìmọ̀kan. "Ọmọ ta ni wọ́n máa kí tí kò ní dáhùn?"

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. "Okun" ni ìkíni wa, òun náà ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa. O ò lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó o má sọ pé "Okun o." Ẹni náà kò sì lè gbọ́ ọ kó má dáhùn, ìbáà gbé ẹrù, ìbáà wà lórí ọ̀pẹ, kódà bó ń sunkún. A kì í kọ́ ọmọ wa ní ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ oko wá dé. Àbúrò bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, dìde láàárín ẹbí, ó ní oko ńlá etí odò ti ju agbára obìnrin méjì lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí àánú wa ń ṣe. Àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n má kánjú: bí àwọn ìyàwó olóògbé bá ní èbù iṣu tó kún oko náà nígbà tí òjò bá dé, oko di tiwọn àti ti àwọn ọmọ wọn. Bí èbù ò bá tó, kí Bàbá Kékeré gbà á. Oko yẹn ló ń bọ́ wa. Òun ló rán mi nílé ìwé. Bí ó bá lọ, àwọn ìyá mi á di ẹni tó ń tọrọ ibi tí wọ́n á gbin ilá sí.

Èbù pọ̀ lọ́jọ́ náà. A ti so wọ́n mọ́ igi nínú àká ẹ̀yìn ilé, tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí ká. Àfi bó ṣe di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lákọ̀ọ́kọ́, a rò pé ojú wa ni. Nígbà tó yá, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára igi láìsí iṣu nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó burú níbẹ̀: ara wọn ni wọ́n fura sí. Ìyá mi rò pé Ìyá Ńlá ń kó o ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní ìlú Ìyàrá. Ìyá Ńlá rò pé ìyá mi ń tà á. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ìkíni wọn tutù. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan jókòó ní igun yìí, èkejì jókòó ní igun tọ̀hún, èmi wà láàárín bí òpó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Ọjọ́bọ̀ kan wá dé tí àwọn dandóka náà tú ká nínú eré. Wàràwàrà rò pé Jẹ́jẹ́ da òun, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Wọ́n sì fi ọ̀gá àwọn olè hàn wá lórí àga ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ńlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ yíjú. Ó ní, "Ìyàwó, nínú ọ̀rọ̀ èbù wa yìí, ta ló ń rẹ́rìn-ín?"

Ìyá mi ronú. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyálé rẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ọjọ́ tí olè ń wá. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ilé máa ń ṣófo, tí èmi àti ìyá mi bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Ìyá Ńlá bá wà ní àsàlátù. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, ará ilé ni. Èmi ní kí a lọ pe ọlọ́pàá gidi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọmọ odó tí a fi ń gún iyán, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyá Ńlá ní Wàràwàrà ni mí, kí n jókòó.

Ní ọjọ́ Àìkú, a jáde pẹ̀lú aṣọ ìjọ́sìn wa, a kí gbogbo ará àdúgbò kí wọ́n lè rí wa, a sì gba ẹ̀yìn padà. Èmi àti Ìyá Ńlá lúgọ sí ẹ̀yìn àká, níbi tí ọgbà ti ya. Ìyá mi gba iwájú. Kò pẹ́, a gbọ́ tí okùn ń já nínú àká. Ẹnu mi ti là láti kígbe "Olè!" nígbà tí ọwọ́ Ìyá Ńlá bò ó, ọwọ́ tó ń rùn fún òrí.

Ìyá mi, obìnrin tí inú rẹ̀ máa ń gbóná ju omi ẹ̀kọ lọ, wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ kígbe bí ẹni tó ń kọjá lọ sí oko: "Okun o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́!"

Láti inú àká, ohùn ọkùnrin kan dáhùn, ó dùn, ó sì já gaara: "Òo, okun o! Ẹ kú àárọ̀ o!"

Iṣu kan bọ́ lulẹ̀. Ohùn Bàbá Kékeré tó gbàdúrà lórí ibojì bàbá mi ni.

Ó sáré wá sí ẹ̀yìn. Ìyá Ńlá ti jókòó sí ojú ibi tó ya náà, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Okun o, ọkọ wa." Ó sáré padà síwájú. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bí ìyàwó ilé rere ṣe ń kí ẹbí ọkọ. "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wá bá wa tọ́jú iṣu ni?"

Bàbá Kékeré gbé àpò iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Mo wá wò ó bóyá ó ń jẹrà ni."

"Nínú àpò?" ni ìyá mi wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Wọn ò lù ú, wọn ò pariwo rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ kó gbogbo èyí tó ti jí padà wá, orí rẹ̀ ló sì fi rù ú. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Gbogbo ìlú wà lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ló sì ń kí i. "Okun o!" "Ẹ kú ẹrù o!" Ó ń la òógùn, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bi í léèrè ibi tó ń gbé iṣu lọ, Ìyá Ńlá, tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ló ń dáhùn: "Ó ń ràn wá lọ́wọ́ ni."

Òjò dé, a gbin oko etí odò láti orí dé ìdí. Ẹbí tún pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Olórí ẹbí béèrè bóyá ẹnì kan ṣì ní ọ̀rọ̀ sọ lórí oko náà. Bàbá Kékeré wúkọ́, ó sì gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí àga. Ìyá mi yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Okun o, ọkọ mi."

"Okun," ló wí, ó sì padà jókòó.

Olórí ẹbí ní ọ̀rọ̀ ti parí, oko di tiwọn. Ṣe ni mo fò sókè. Ìyá Ńlá ti ń so ìborùn rẹ̀, ó fa ìyá mi lọ́wọ́ dìde. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ sílé. Àwọn dandóka tí kò mọ iṣẹ́ yẹn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."