Ilé Tí Kò Sí Nínú Àwòrán Éloi

Ó di ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí tí Éloi ti ń ya ilé tó wó, kò sì tíì fojú kan èyíkéyìí nínú wọn rí. Inú ìwé kan tí àlùfáà òyìnbó kan fi sílẹ̀ ní ìlú Dassa ni ó ti rí wọn: òpó òkúta gíga tó dá sí méjì, àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kankan, ère ọkùnrin tí kò lórí, ère obìnrin tí kò lápá. Nínú àwòrán tirẹ̀, ó ń kó gbogbo wọn wá sórí òkè Dassa, ó ń tò wọ́n sáàárín àpáta àti igi ẹmì, á sì fi oòrùn ìrọ̀lẹ́ pọ́n wọn lára. Bí àwọn tó ń wá bẹ Màríà Mímọ́ wò bá ti rọ́ dé nínú oṣù kẹjọ, wọ́n á rà á lọ. Wàsíù, tó ni ilé àlejò ẹ̀gbẹ́ ọjà, ti gbé mẹ́sàn-án kọ́ sára ògiri rẹ̀.

Irọ́ ni òpó, irọ́ ni ère. Àpáta nìkan ni kì í ṣe irọ́, nítorí Éloi kì í fi àpáta ṣeré. Ìdí òkè kan náà lápá àdúgbò Kpingni ni ó máa ń jókòó sí, lórí òkúta pẹlẹbẹ kan náà. Á na apá gbọọrọ, á fi igi búrọ́ọ̀ṣì wọn àpáta ńlá tó wà lókè, kí ó tó fi ọ̀dà kan pátákó.

Lọ́jọ́ kan tí òjò oṣù kẹsàn-án dá díẹ̀, ó lọ tún ọ̀dà tó ń bó ṣe ní ilé Wàsíù. Ó dúró níwájú ògiri, ó wò títí. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ìlà dúdú tó gba àárín àpáta náà kọjá tín-ín-rín bí irun. Nínú ìkarùn-ún, ó ti tó ìbú èékánná. Nínú ìkẹsàn-án, ìka kan wọ̀ ọ́ dáadáa. Ìwọ̀n kan náà sì ni gbogbo pátákó náà.

“Wàsíù, wá wo nǹkan. Àpáta yìí ń ṣí.”

Wàsíù wò ó. “Ère tí kò lórí yẹn ńkọ́? Ṣé orí ti ń hù fún un?”

Abẹ́ àpáta yẹn gan-an ni ilé Perpétue wà. Ẹ̀gbọ́n Éloi ni, opó, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Nínú ìdílé wọn, kí ẹnikẹ́ni tó jẹ iṣu tuntun, obìnrin tó dàgbà jù ni ó ń gbé ègé àkọ́kọ́ sí ìdí àpáta náà, lẹ́yìn náà ni wọn á lọ sí Míísà. Wọ́n gbà pé oúnjẹ yẹn ni kò jẹ́ kí ó yẹ̀ láti ìgbà baba ńlá wọn, àti pé ẹni tó bá sá kúrò lábẹ́ rẹ̀ ti bú u.

Éloi yá mẹ́ta nínú àwòrán náà, ó dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó gbé wọn lọ bá a. Ó tò wọ́n sára ògiri. Perpétue ń pa ẹ̀pà. Ó gbójú sókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe àpáta ni ó ń wò.

“Ilé mi dà?”

Éloi na ìka sí ibi tí àpáta ti là.

“Mo ní ilé mi dà, Éloi? Àpáta rèé, igi ẹmì rèé. Ibi tí mo jókòó sí yìí, òpó tó wó lo yà síbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń rà á kì í fẹ́ rí òrùlé páànù.”

“Ọdún mẹ́tàdínlógún lo fi ń wó ilé mi tà. Àpáta rí ohun tí ò ń yà, òun náà ti ń tẹ̀lé ọ.”

“Ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná. Ẹ wo ibi tó là.”

“Òpó irọ́, ère irọ́. Kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ pé ibi tó là kì í ṣe irọ́?”

Éloi dìde. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó nípọn jù, ó gun òkè, ó fi igi rẹ̀ dábùú ẹnu ibi tó là, ó fi òkúta gbá a títí ó fi há. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Perpétue rọra gòkè, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Kò mì.

“Bí igi yìí bá jábọ́ ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?”

“Màá kó kúrò. Bí kò bá jábọ́, wàá ya ilé mi padà sínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, tòun ti páànù.”

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí Éloi dé ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Perpétue ti wà lókè ṣáájú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kò sí lẹ́nu ibẹ̀ mọ́, ó ti já sínú àpáta, ó jìnnà ju ibi tí apá lè dé. Perpétue ju òkúta kékeré kan tẹ̀lé e. Wọ́n dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìró rẹ̀.

“Lọ kó àwọn ọmọ,” ni gbogbo ohun tí ó sọ.

Kí ó tó di ọ̀sán, ibùsùn, ewúrẹ́ àti àpò ẹ̀pà ti wà nílé Éloi nínú ìlú. Ègé iṣu kan ni Perpétue fi sílẹ̀ ní ìdí àpáta, níbi tó máa ń gbé e sí.

Àmọ́ àràárọ̀ ni ó ń padà lọ gbá ilé náà. Ó ní bí òun ò bá gbá a, yóò dà bí àwòrán Éloi. Éloi bẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá ń bá a lọ síbẹ̀. Kò tíì fi ọ̀dà kan pátákó láti ìgbà náà. Orí òkúta pẹlẹbẹ rẹ̀ ni ó ń jókòó sí, á na apá, á wọn ibi tó là. Láàárọ̀ òní, ó ti fẹ̀ ju bí igi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣe nípọn lọ. Ó ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lábẹ́ àpáta, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Perpétue bá dúró na ẹ̀yìn, òun náà á séèémí, títí ìgbálẹ̀ yóò fi tún bẹ̀rẹ̀.